Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ìyá Ìgò

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ṣì ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi yẹn?"

Akọ̀wé ló béèrè. Ó jókòó sínú àga ọ́fíìsì ọ̀gá bí ẹni pé òun ló rà á, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lórí orúnkún rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ iṣẹ́ funfun, ó ti fa ìbòmú rẹ̀ wálẹ̀ sí àgbọ̀n. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é jáde láti yàrá ìgò pé oníbàárà kan ń béèrè rẹ̀ ni. Ká ní wọ́n sọ irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ fún un ni, ì bá ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé.

"Mo ní in," ó ní.

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́. Ó yíjú sí ọ̀gá, ó ní ṣé òun ò wí, ìyàwó àwọn kì í sọ nǹkan nù. Ọ̀gá ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Akọ̀wé ní mọ̀lẹ́bí kẹ̀, ara kan náà ni wọ́n. Ó wá ṣàlàyé pé òun ti ní ilẹ̀ ńlá kan láti etí títì dé etí odò, òun sì fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, irú èyí tí ẹ̀gbọ́n òun olóògbé gbìn sẹ́yìn ilé nígbà ayé rẹ̀, èyí tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, tó dùn débi pé àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń fo ọgbà wọlé nítorí rẹ̀. Ó ní àwọn tó jẹ ẹ́ nígbà náà ò tíì gbàgbé, wọ́n ṣì ń béèrè. Ó ní kò sí níbòmíràn mọ́.

Kò sí níbòmíràn mọ́! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀. Ta ló jẹ́ kó tán? Àbúrò ọkọ obìnrin yìí ni Akọ̀wé. Ọmọ ilé ìwé ṣì ni nígbà tí obìnrin náà wọlé wọn, ìyàwó kì í sì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ló fi sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé ìyá tó bí i pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀. Obìnrin yìí ló ń fọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀, òun ló ń bu oúnjẹ rẹ̀ pa mọ́ bó bá pẹ́ dé. Nígbà tí ọkọ kú, àìsàn dá obìnrin náà dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ọjọ́ tó padà délé, gbogbo igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ti wà nílẹ̀ bẹẹrẹ, àwọn bíríkìlà sì ń mọ búlọ́ọ̀kù lórí wọn. Akọ̀wé fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀.

Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ hú u, ó kì í bọ báàgì rẹ̀, ewé rẹ̀ yọ síta. Akọ̀wé dúró láàárín àwọn bíríkìlà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ. Ọmọ tó bí fún ẹ̀gbọ́n mi náà nìyẹn." Àwọn bíríkìlà rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Akọ̀wé ti kó ẹrù obìnrin náà jù síta.

Òun ọkùnrin náà ló wá jókòó yìí, tó ń sọ pé ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tiẹ̀ gbọ́ "ẹ" tó ń pè é. Lọ́jọ́ tó lé e, "ìwọ obìnrin yìí" ni. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kò ní gbàgbé. Ó hàn gbangba pé Akọ̀wé ti gbàgbé pátápátá, nítorí kò sí ìtìjú kankan lójú rẹ̀.

"Mélòó lẹ fẹ́?" ni Ìyá Ìgò, bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin náà níbi iṣẹ́, bi í.

Ó ní èyí tó máa kún ilẹ̀ náà dẹ́múdẹ́mú. Ìyá Ìgò ní kó fún òun láyè o, ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú ìgò kì í ṣe àgbàdo tí wọ́n ń sun lójú títì. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́ títí. Obìnrin náà fa ìbòmú rẹ̀ sókè, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. 

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan di ọgọ́rùn-ún ni ibẹ̀. Wọ́n á mú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó lera, wọ́n á bó èèpo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí yóò fi ku ọkàn rẹ̀ funfun, tí kò ju orí ìka lọ. Wọ́n á fọ̀ ọ́ kó má ku kòkòrò kankan lára rẹ̀, wọ́n á gbé e sínú ìgò tí oúnjẹ rẹ̀ dì bí ẹ̀kọ tútù, wọ́n á tò ó sórí pẹpẹ lábẹ́ iná. Bó bá ti yọ ọmọ, wọ́n á gé àwọn ọmọ náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, oníkálukú sínú ìgò tirẹ̀. Àwọn náà á tún yọ, wọ́n á tún gé wọn. Obìnrin yìí ti ṣe é pẹ́ débi pé bó bá wo ìgò láti ọ̀kánkán, á mọ̀ bóyá ó ti tó gé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìyá Ìgò. Àwọn kan ń fi ìfẹ́ pè é bẹ́ẹ̀, àwọn kan ń fi ṣẹ̀fẹ̀ nítorí pé kò bímọ. Ó ń jẹ́ ẹ fún gbogbo wọn.

Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kì bọ báàgì lọ́jọ́ yẹn, ibẹ̀ ló gbé e wá. Ọ̀gá fún un ní pẹpẹ kan ní kọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí bó ṣe ń tọ́jú pẹpẹ yẹn, ẹ óò rò pé ènìyàn ló wà nínú ìgò. Wọ́n máa ń sọ pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò. Nígbà ọ̀fọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí tù ú nínú, wọ́n á sọ ọ́ dé ìdajì, wọ́n á rántí, wọ́n á wá máa béèrè omi mu.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà nínú iṣẹ́ yìí. A kì í gé láti orí ìran kan náà títí láé. Bí wọ́n bá ti gé e dé ìwọ̀n kan, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ nù, wọ́n á lọ mú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun láti oko. Ìdí ni pé èyí tí wọ́n bá gé jù máa ń gbàgbé ara rẹ̀. Nínú ìgò, tútù yọ̀yọ̀ ni, á ṣì máa yọ ọmọ, kò sí ojú tó lè mọ̀. Àfi bó bá wọ ilẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó rí i pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́. Ìyá Ìgò ló máa ń pariwo òfin yìí sí àwọn yòókù létí. Lórí pẹpẹ tirẹ̀ nìkan ni kò ti pa á mọ́. Oko wo ni ì bá tún lọ? Abẹ́ ṣọ́ọ̀bù Akọ̀wé ni oko wà. Bó bá da ìgò wọ̀nyẹn nù, lójú tirẹ̀, ó tún ọkọ rẹ̀ sin nìyẹn. Ló bá ń gé e lọ, oṣù wọlé, oṣù jáde.

Ìgò díẹ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ gé ló fọgbọ́n gbé sínú kọ́bọ́ọ̀dù tútù, níbi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń sùn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ dàgbà. Ìwọ̀nyẹn ṣì jẹ́ ojúlówó. Ti orí pẹpẹ ti bàjẹ́. Bàbá Olómi, ọkùnrin tó ń bomi rin nǹkan lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì tó ń dín oòrùn kù, gbin mélòó kan nínú wọn sẹ́yìn táńkì lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n ràn, wọn ò ga, ewé wọn kóra jọ sórí bí ìgbálẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ gbìyànjú láti so nínú wọn, ìdì rẹ̀ kò ju ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé lọ, ibẹ̀ ló sì gbẹ sí. Ìyá Ìgò sunkún nídìí wọn bí ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú ọkọ rẹ̀ jáde. Wọ́n gé wọn lulẹ̀. Síbẹ̀, kò lè da ti orí pẹpẹ nù, kò sì mọ ohun tó ń tọ́jú wọn fún.

Ní báyìí, ó ti mọ̀. Ọkùnrin yìí pe òun ní àgàn lójú àwọn bíríkìlà. Ó dáa. Òun náà á fún un ní àgàn gbìn. Láti etí títì dé etí odò, kó máa jí wò ó láràárọ̀.

Àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e, inú Ìyá Ìgò ń dùn débi pé àwọn èèyàn ń fura. Á ti máa kọrin lábẹ́lẹ̀ bó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn mímọ́, á fi abẹ sínú iná spírítì, á gé, á pín, á dé ìgò. Ó lérò pé gbogbo ọmọ tó bá ń gé sọ́tọ̀, ẹ̀rín bíríkìlà kan ló ń dá padà. Ẹ má bá a wí. Ẹ̀yin náà, bó bá jẹ́ yín ni ńkọ́?

Bàbá Olómi ló kọ́kọ́ mọ̀. Òun ló ń gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá ti yọ gbòǹgbò, tó ń kó wọn sínú ọ̀rá oníyẹ̀pẹ̀ lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè mọ oòrùn díẹ̀díẹ̀. Ó gbé ìgò kan sókè, ó yí i po, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

"Ìyá Ìgò, ibo lẹ ti kó ìwọ̀nyí?"

"Níbi tí ìgò máa ń wà."

"Ṣé kì í ṣe irú àwọn tá a gé lulẹ̀ lẹ́yìn táńkì nìyí?"

"Àwọn ni."

Bàbá Olómi gbé ìgò náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní ọkùnrin yẹn á gbin nǹkan yìí, á roko rẹ̀, á máa bomi rin ín, á sì dúró dè é ju ọdún kan lọ. Ìyá Ìgò ní òun mọ̀, ìyẹn gan-an ló dùn níbẹ̀. Bàbá Olómi ní orúkọ ilé iṣẹ́ ńkọ́, ọ̀gá tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni ńkọ́. Níbẹ̀ ni ojú obìnrin náà ti yí padà díẹ̀. Ó ní òun ti rò ó. Ọjọ́ tó bá tú, òun á fẹsẹ̀ òun lọ bá ọ̀gá, òun á sọ fún gbogbo ayé pé òun lòun ṣe é, òun á bọ́ aṣọ funfun sílẹ̀, òun á máa lọ.

"Iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ń ṣe láti ìgbà èwe yín?"

"Iṣẹ́ náà ni."

"Ìbínú yìí náà, Ìyá Ìgò, ó dà bíi pé ẹ ti gé e jù."

Ìyá Ìgò gbé ìgò mìíràn lé e lọ́wọ́. Bàbá Olómi náà ò tún sọ ọ́ mọ́, kò sì ròyìn fún ẹnì kankan, ó kàn ń bomi rin wọn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ń dán, ó ń tutù, ẹni tó bá kọjá á ní ẹ kú iṣẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ Ìyá Ìgò lọ́kàn. Bí oko náà bá kọ̀ tí kò so, Akọ̀wé á ní ilẹ̀ ni. Á ní òjò ni, á ní ajílẹ̀ tí wọ́n tà fún òun ni kò dáa, kò ní mọ̀ láé pé ọwọ́ kan ló ṣe é. Ìyà tí ẹni tó ń jẹ ẹ́ ò mọ ẹni tó fi jẹ ẹ́, ìyà lásán ni, bí ẹni tí òjò pa. Ìyá Ìgò fẹ́ kó mọ̀. Nítorí náà, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tútù, ó jí ọ̀kan nínú ojúlówó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọkọ rẹ̀ lójú oorun, ó tọ́jú rẹ̀ títí ó fi gba ọ̀rá tirẹ̀. Ìyá Akọ̀wé, ìyẹn ìyá ọkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ Akọ̀wé ló ń gbé báyìí. Òun ló máa fún. Màmá á gbìn ín sójú fèrèsé, á so jìngbìnnì. Akọ̀wé á rí ọ̀kan tó so nílé, á rí gbogbo oko tó yàgàn, òun fúnra rẹ̀ á wá ṣe ìṣirò. Ó gbé fóònù, ó pe Màmá. Ó ní kí wọ́n jọ wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kó ọ̀gẹ̀dẹ̀, àárò wọn ń sọ òun.

Ọkọ̀ akẹ́rù méjì ni Akọ̀wé gbé wá, pẹ̀lú mọ́tò tirẹ̀. Ó ń rìn káàkiri abẹ́ nẹ́ẹ̀tì, ó ń fi fóònù ya ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń ya ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní òun á fi orúkọ ẹ̀gbọ́n òun sọ oko náà. Ìyá Ìgò gbọ́ ọ, ó dùn ún wọ egungun. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kí àwọn alágbàrù dúró. Ó wá rántí pé ẹni tó ń sọ ọ́ ló kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí, ó jẹ́ kí wọ́n máa kó o lọ.

Màmá fi ọ̀pá wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù. Ìyá Ìgò kúnlẹ̀ kí i. Arúgbó náà fọwọ́ pa á lórí, ó ní ó ti rù, ó ní ṣé ó ń jẹun.  Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ìgò gbé ọ̀rá kékeré náà jáde lábẹ́ tábìlì, ó gbé e lé e lẹ́sẹ̀.

"Tiyín nìyí, Màmá. Ojú fèrèsé yín ni kẹ́ ẹ gbìn ín sí."

Màmá fi ìka kan ewé rẹ̀. Ó wo ọkọ̀ akẹ́rù, ó tún wo ọ̀rá náà.

"Kí ló dé tí tèmi dá wà lọ́tọ̀? Ṣé ọ̀kan náà kọ́ ni?"

Ó lè purọ́. Irọ́ náà tiẹ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú arúgbó yẹn jọ ti ọkọ rẹ̀ jù.

"Rárá, Màmá. Tiyín ni ti ọkọ mi. Èyí tí wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ yẹn ò ní so."

"Kò ní so?"

"Kò ní so láéláé. Mo mọ̀ kí n tó fún un."

Ó ti sọ ọ́.  Ó ń dúró de kí Màmá figbe ta, kó pe ọmọ rẹ̀, tàbí kó bẹ òun. Ó ti ní èsì fún ẹ̀bẹ̀. Ó ti ń to èsì náà jọ láti ọdún gbọ́nhan.

Màmá ò bẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ ló ń wò nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ọjọ́ tó gé àwọn igi yẹn, ojú fèrèsé ni mo wà. Ọmọ mi ló gbìn wọ́n, ọmọ mi ló ń gé wọn. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó ń retí kí n sọ nǹkan. N kò sọ nǹkan kan. Mo ní òun ló kù mí kù, òun ló máa sin mí." Ó nu ẹnu rẹ̀. "Mo sì gbọ́ ohun tó pè ọ́. Ìyẹn náà, n kò sọ nǹkan kan sí i."

"Màmá..."

"N kò lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Ibo ni mo ti fẹ́ rí ẹnu lónìí? Fà mí dìde."

Ìyá Ìgò fà á dìde. Arúgbó náà kọ̀ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, ó gbá a mọ́ àyà títí dé ìdí mọ́tò. Ìyá Ìgò ń rìn tẹ̀ lé e. Ìtura tó ń retí ò dé. Ẹ̀rù ló ń bà á, kò sì lè sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Akọ̀wé ṣílẹ̀kùn fún ìyá rẹ̀. Ó ní kí lèyí, kó gbé e wá kóun kó o mọ́ àwọn ti inú ọkọ̀.

"Tèmi ni," ni Màmá wí. "Má fọwọ́ kàn án."

Ó gbé e sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fa etí aṣọ bò ó. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó ní arúgbó àti ẹrù ẹ̀. Ó wá yíjú sí Ìyá Ìgò. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀ wàyí, ó dà bí ọmọ ilé ìwé tó máa ń dúró de oúnjẹ nígbà yẹn. Ó ní ohun tó ti kọjá ti kọjá, ẹ̀yìn ò ṣeé pọ̀n ọmọ sí títí ayé. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ohun tí ẹ ṣe fún mi lónìí yìí, ìyàwó wa, irú rẹ̀ gan-an ni Ọlọ́run máa ṣe fún ẹ̀yin náà."

Àwọn alágbàrù ṣe àmín gèè. Ọ̀gá náà, tó jáde wá sin oníbàárà rẹ̀, ṣe àmín. Bàbá Olómi mú rọ́bà omi dání, omi ń dà sílẹ̀, Ìyá Ìgò ló ń wò. Màmá náà ń wò ó láti inú mọ́tò. Akọ̀wé ò tíì sọ ọwọ́ kalẹ̀, nítorí ẹni tó ṣe àdúrà fún ni kò tíì dáhùn, kò sì sẹ́ni tó ń fi àdúrà sílẹ̀ lófìfo lójú èèyàn.

 Ìyá Ìgò ro ohun tí wọ́n ní kó ṣe àmín sí. Kó gbin nǹkan kó má so. Kó tọ́jú nǹkan tọkàntọkàn kó má rí ọmọ nínú rẹ̀. Kí wọ́n kóra jọ lọ́jọ́ kan kí wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín. Ó ń wá èyí tí kò tíì ṣẹlẹ̀ sóun nínú rẹ̀, kò rí i.

"Àmín," ó ní.

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, ló bá tún un ṣe.

"Àmín o, Akọ̀wé."